Ìbéèrè Kẹta

Orville Tveten béèrè lẹ́ẹ̀mejì, kò sì béèrè lẹ́ẹ̀kẹta.

Ní ìlú Nordby, ní ìpínlẹ̀ Dakota ti Àríwá ní Amẹ́ríkà, oníwọra ni wọ́n ń pe ẹni tó bá gba nǹkan nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbà á nígbà kejì, wọ́n á ní ilé ni kò ti rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ẹni tó mọ ìwà hù a kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a sì gbà nígbà kẹta. Ẹni tó ń fi nǹkan lọ ènìyàn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í dákẹ́ kí ìgbà kẹta tó pé, àfi bí kò bá fẹ́ kí ẹni náà gbà á. Kò sí ẹni tó kọ òfin yìí sílẹ̀ níbì kankan, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Nordby tí kò mọ̀ ọ́n.

Dewey Ragsdale kì í ṣe ọmọ Nordby. Ọmọ Arkansas ni, ó sì máa ń fi ọkọ̀ fa ilé onítáyà tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wá sí Nordby lọ́dọọdún, nígbà ìkórè bíìtì, gbòǹgbò ńláńlá tí wọ́n ń fi ṣe ṣúgà. Marit, ọmọ Orville, ló kọ́ ọ ní òfin náà.

Ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ti pàdé. Marit ló ń jókòó sí ojú fèrèsé yàrá ìwọ̀n, Dewey sì wà lára àwọn tó ń to bíìtì jọ síta nínú òtútù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó wá dúró síwájú fèrèsé náà kí afẹ́fẹ́ lè yẹ̀ lórí rẹ̀ díẹ̀. Marit gbé fúláàsì sókè.

“Ṣé wàá mu kọfí?”

“Màá mu ún.” Ó ti na ife rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀.

Marit rẹ́rìn-ín. “O ò tiẹ̀ kọ̀.”

“Kí ni mo fẹ́ kọ̀ ọ́ sí? Òtútù ń pa mí, kọfí sì rèé. Àbí májèlé wà níbẹ̀?”

“Kò sí májèlé níbẹ̀. Àmọ́ níbí, ó yẹ kó o kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ná.”

“Kọfí á ti tutù nìyẹn.”

“Ó máa ń tutù. Ó ti mọ́ wa lára.”

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Marit nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ti kú, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló ń gbé ilé. Orville ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ páìpù gáàsì ló ṣe ní gbogbo ayé rẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan ní Nordby tí kì í ṣe òun ló gbé ẹ̀rọ amúlégbóná ibẹ̀ kalẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí Dewey kọ́kọ́ wá kí wọn, Orville fi kéèkì lọ̀ ọ́, Dewey sì mú ẹyọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Orville kò sọ nǹkan kan títí àlejò fi lọ.

“Ọkùnrin yẹn ń jẹun bí ẹni tó ń kánjú kúrò,” ló wá wí.

“Dádì, ebi ló ń pa á.”

“Ilé onítáyà ló ń gbé, Marit. Ọjọ́ tí inú bá bí i, á so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, á sì máa lọ.”

“Bó bá ń lọ, èmi náà á wà nínú ẹ̀.”

“Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn.”

Ìgbà ìrúwé dé, Dewey wà ní Arkansas, Marit sì ń dúró de ìkórè tó ń bọ̀. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Marit ń kọ́ ọ ní òfin náà. Á ní, “Kéèkì rèé, Dewey,” Dewey á ní, “Rárá, mo ti yó.” Á ní, “Mú díẹ̀,” Dewey á ní kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu. Nígbà kẹta, Dewey á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi tipá mú, á ní, “Ó dáa, ìdajì péré.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó padà dé, ó ṣe é níwájú Orville láìṣìṣe, Orville sì wò ó pẹ́. Marit rò pé inú bàbá òun dùn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iyèméjì, nítorí pé láti ọjọ́ náà lọ, Orville kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí Dewey lọ́rùn mọ́ ju ilé rẹ̀ lọ, ilé náà ló sì wá ń tẹjú mọ́.

Nígbà ìkórè kejì, Dewey béèrè bóyá Marit á fẹ́ òun. Marit gbà. Ẹ̀rù bà á láti sọ fún bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì rán Ardis, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà, tó ń tiro nítorí egungun ìbàdí. Ardis jẹ́ iṣẹ́ náà, ó sì bá èsì padà wá sí yàrá ìwọ̀n.

“Ó ní ọkùnrin tí kò lè pèsè omi gbóná fọ́mọ òun ò gbọdọ̀ dárúkọ ìgbéyàwó.”

“Àǹtí, ta ló sọ fún un pé kò sí omi gbóná níbẹ̀?”

“Ìwọ ni. Gbogbo ìgbà tó o bá ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn dé, balùwẹ̀ lo máa ń gbà lọ. Bàbá ẹ dákẹ́ ni, kò fọ́jú.”

“Bí omi gbóná bá wá wà ńkọ́?”

“Ó ní òun á wá wò ó.” Ardis so gèlè irun àgùntàn rẹ̀ le. “Marit, mo ti mọ ọkùnrin yẹn látìgbà tó ti ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá bínú, mo mọ ohun tí màá ṣe sí i. Kò bínú. Ìyẹn ni mi ò fẹ́ràn.”

Òótọ́ ni Orville sọ. Omi dì nínú àgbá ẹ̀rọ amómigbóná ilé onítáyà náà ní ìgbà òtútù kan tí Dewey kò tètè dà á nù, àgbá náà sì ya. Láti ìgbà náà, kẹ́tùlù ni Dewey fi ń se omi ìwẹ̀. Ó ra ẹ̀rọ tuntun, ó sì mú ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọn kò ṣiṣẹ́ láti pààrọ̀ rẹ̀. Ara ògiri ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń wọ̀ láti ìta: ojú rẹ̀ níbi tí iná ti ń jó tí èéfín ti ń jáde máa ń kọ sí gbangba, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ ibùsùn. Dewey tú ìṣó yíká, ó fa èyí tó ti ya jáde, ó họ ọ̀dà àtijọ́ tó ń dènà òjò kúrò lára ògiri, ó lẹ ọ̀dà tuntun, ó sì ti ẹ̀rọ tuntun wọlé. Marit ń na sípánà sí i. Ó fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé páìpù gáàsì, kò hó; gáàsì kò jò. Ó tan iná sí i. Ó jó ní àwọ̀ búlúù, kò sì kú.

Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó sì ń wo inú rẹ̀.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” Marit béèrè.

“Ibi tí páìpù gáàsì gbà wọnú ti tuntun yìí ò bá ti àtijọ́ mu. Mo ní láti mú ihò tó gbà kọjá fẹ̀. Àyè wà yí páìpù ká báyìí. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n dí i, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n fi ń dí i. Bàbá ẹ á mọ̀. Màá bi í lọ́la.”

Marit ronú sí i. Ó rí bàbá rẹ̀ lójú inú: ọkùnrin tí wọ́n ní kó wá wo iṣẹ́, tí oníṣẹ́ sì ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bọ́ fìlà.

“Má bi í. Bó o bá bi í, á ní o ò mọ iṣẹ́. Òun fúnra ẹ̀ á rí i, á sì ní kóun bá ẹ ṣe é. Ìyẹn ló máa dùn mọ́ ọn. Ìwọ ṣáà kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe kọ́ ẹ.”

“Bí kò bá wá rí i ńkọ́?”

“Orville Tveten? Páìpù gáàsì? Á rí i.”

Ọ̀sán Sátidé ni Orville wá. Àgọ́ àwọn olùkórè ti ń tú. Ilé onítáyà díẹ̀ ló kù lórí pápá náà. Ó yí ilé Dewey ká lẹ́ẹ̀kan, ó wo ojú ẹ̀rọ náà láti ìta, ó sì wọlé. Ó ṣí omi, ó fi ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ títí ó fi gbóná. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Dewey wo Marit, Marit sì mi orí sí i.

“Ṣé kí n bá ẹ wo ibi páìpù yìí?” Orville béèrè láìyíjú.

“Rárá o, sà. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.”

“Irinṣẹ́ mi wà nínú ọkọ̀. Kò lè pẹ́.”

“Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó láyé yín, sà. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká mu kọfí.”

Orville kò dìde lójú ẹsẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ kékeré kan tó wà lára ògiri nítòsí ilẹ̀, èyí tó máa ń ké bí èéfín búburú bá wọ ilé. Iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń tàn. Ó wò ó, ó sì pa tọ́ọ̀ṣì. Ó ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà.

“Omi gbóná ti wà,” ni ó wí. “Mo ti rí i.”

Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde. Wọ́n gbọ́ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

“Ó ku ẹ̀ẹ̀kan,” Dewey wí. “Àbí èmi ni mi ò kà á dáadáa?”

“O kà á dáadáa.”

“Bóyá ó gbàgbé.”

“Kì í gbàgbé,” Marit wí. “Ó túmọ̀ sí pé kò fẹ́ kó o gbà.”

“Gba kí ni?”

“Èmi.”

Ohun tí àwọn méjèèjì rò nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni wọ́n gbọ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ Orville, wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ páìpù. Dewey tiẹ̀ dárúkọ ihò náà kí Marit tó lọ. Ó ní òun á béèrè ohun tí wọ́n fi ń dí i bí ìsọ̀ bá ṣí lọ́jọ́ Ajé. Marit ní ó dáa. Ìyẹn kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Dewey ní òun kò ní fi ìwẹ̀ omi gbóná àkọ́kọ́ ṣòfò lórí ìbínú, òun á pa á mọ́ di ọjọ́ Àìkú. Ó pa ẹ̀rọ náà kó tó sùn, kí gáàsì má bàa tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Marit kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ́ kí bàbá òun rí ìjókòó òun ní òfìfo, kí gbogbo ìlú sì rí i pẹ̀lú. Ó wọkọ̀ lọ sí àgọ́. Afẹ́fẹ́ líle ń fẹ́ láti àríwá, ó dojú kọ ẹ̀gbẹ́ ilé náà níbi tí ẹ̀rọ wà, ó sì ń ti èéfín rẹ̀ padà gba ihò páìpù náà wọnú ilé. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé. Dewey tan ẹ̀rọ náà, ó wẹ̀ pẹ́, ó ń kọrin nínú balùwẹ̀. Marit náà wẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń po ìyẹ̀fun fún páńkéèkì.

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó rò pé ìbínú ni. Dewey jókòó sórí ibùsùn, ó gbé ọwọ́ lé itan.

“Ẹsẹ̀ mi wúwo,” ni ó wí. “Ṣé bí omi gbóná ṣe ń ṣe àwọn olówó nìyí?”

“Dìde, ọ̀lẹ. Wá jẹun.”

“Mò ń bọ̀.”

Kò wá. Marit yíjú wò ó, ó rí i pé ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀ díẹ̀. Ó fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ kò gbé e. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó sì rí i pé òun ti wà lórí ilẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ sí ẹ̀rọ kékeré ara ògiri náà. Iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń tàn síbẹ̀. Kò ké. Ó ti gbó, kò lè gbóòórùn nǹkan mọ́, iná rẹ̀ nìkan ló kù.

Ardis ló sọ ìyókù fún un ní ilé ìwòsàn.

“Orin kejì la ń kọ lọ́wọ́. Mo ní, ‘Orville, Marit dà?’ Ó ní, ‘Ó wà lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn.’ Bó ṣe sọ ọ́ tán, ìwé orin bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní, ‘Mi ò béèrè lẹ́ẹ̀kẹta.’ Mo ní béèrè kí ni? Ó ní páìpù. A gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì jáde, gbogbo èèyàn ń wò wá.”

“Òun ló gbé mi jáde?”

“Òun ló fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn, tó gbé ẹ. Ó tẹ́ ẹ sórí koríko, ó sì kúnlẹ̀ tì ẹ́. Èmi wọlé lọ bá Dewey. Marit, o mọ ìbàdí mi. Mi ò lè gbé e. Mo pe bàbá ẹ. Mo pè é títí ohùn mi fi há kó tó dìde.”

Ardis mú ọwọ́ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Orville wá. Ó dúró sí ẹsẹ̀ ibùsùn, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣé ẹ rí ihò náà, Dádì?”

“Mo rí i.”

“Ṣé ẹ mọ ohun tó lè ṣe?”

“Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe ni.” Ó wo ilẹ̀. “Mo rí iná aláwọ̀ ewé. Mo rò pé ẹ̀rọ yẹn á ké. Ojú á tì í, á rí i pé òun ò lè tọ́jú ilé, á sì lọ. Mi ò mọ̀ pé wàá wà níbẹ̀. O kì í sùn síbẹ̀.”

“Òun ńkọ́? Òun ń sùn síbẹ̀.”

Orville yí fìlà náà po lọ́wọ́. Marit dúró dè é.

“Ẹ máa lọ,” ni Marit wí.

Ọlọ́pàá wá bi Orville ní ìbéèrè. Ó sọ òótọ́ fún wọn. Wọ́n padà lọ. Kò sí òfin tó ní kí ènìyàn tún iṣẹ́ ẹlòmíràn wò.

Ó pẹ́ kí Dewey tó lajú. Nígbà tó lajú, ó mọ orúkọ ara rẹ̀, ó mọ Arkansas, ó mọ̀ pé ìyá òun ti kú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wo Marit tó jókòó tì í, ó sì fara balẹ̀ béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé nọ́ọ̀sì ni yín?”

Dókítà ní ọdún bíi méjì ti lọ nínú ìrántí rẹ̀. Ó ní ó lè padà, ó sì lè má padà.

Marit jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ardis tẹ̀ lé e.

“Wàá sọ ìtàn yín fún un láti ìbẹ̀rẹ̀,” Ardis wí. “Á tún fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ nígbà kan, kò yí padà sí ẹlòmíì.”

“Bàbá mi ńkọ́?”

“Ìyẹn, sọ ọ́. Wọ́n á ṣáà sọ fún un lọ́jọ́ kan. Àmọ́ ohun tó o sọ fún un nípa kó má béèrè yẹn, tó o sọ fún èmi náà, Marit, ta ló mọ̀? Òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n mọ́. Jẹ́ kó lọ.”

Marit ro ó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ Dewey lójoojúmọ́, ó ń sọ fún un: yàrá ìwọ̀n, kọfí, fóònù ìgbà ìrúwé. Dewey ń gbọ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn ẹlòmíràn tó dùn. Ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ti dẹ́kun pípè é ní mà. Bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí i ni ẹ̀rù ń ba Marit sí i, nítorí ó rí i pé ohunkóhun tí òun bá yọ kúrò, ọkùnrin yìí kò ní rí i mọ́ láéláé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ó sọ ọ́.

“Ìwọ fẹ́ bi bàbá mi nípa ihò náà. O rí i. O mọ̀ pé nǹkan kan ò pé. Èmi ni mo ní kó o má bi í. Èmi náà ni mo ní kó o kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Dewey. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n lórí aṣọ ìbora, ó sì fi ọwọ́ kejì dì í mú.

“Ta ló mọ̀ nípa ẹ̀?”

“Èmi àti Àǹtí Ardis.”

“Kí ló dé tó o fi sọ fún mi?”

“Torí pé ohun tí mo bá sọ nìkan ni wàá ní.”

Ó ní kó máa lọ sílé. Ó lọ. Lọ́jọ́ kejì kò ránṣẹ́ pè é. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì pè é lórí fóònù pé ọkùnrin inú yàrá náà ń béèrè bóyá obìnrin tó ń sọ ìtàn fún òun ti jáwọ́.

Nígbà tó wọlé, Dewey kò kí i. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Inú ń bí mi sí ẹ,” ni ó wí.

“Mo mọ̀.”

“Jókòó. A ò tíì dé ibi tí mo ti ní kó o fẹ́ mi. Báwo ni mo ṣe sọ ọ́?”

Ní oṣù karùn-ún, wọ́n ṣègbéyàwó níwájú adájọ́ ní ìlú mìíràn. Ardis ló jẹ́rìí. Wọ́n ta ilé onítáyà náà fún ẹni tó ń ra irin àlòkù, wọ́n sì kó lọ sí Arkansas. Ìrántí Dewey kò padà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dẹ́kun gbígbọ̀n. Marit ló ń ṣiṣẹ́ bọ́ àwọn méjèèjì. Orville Tveten ń gbé Nordby ní òun nìkan, kò sì rí ọmọ rẹ̀ mọ́.